Bígù Ló Jẹ Ẹja, Mo Ní Ìbíjọkẹ́ Ni

Ẹ má tíì pè mí ní Àlàájà. Ẹ jókòó ná. Ẹ ti jẹ dàbínù, ẹ ti mu omi Sámúsámù tí mo gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, ẹ sì ti ṣàdúà fún mi títí, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti lé ní ọdún kan, n kò sì ní gbé e wọ sàréè. Hasanat tó jókòó tì mí yìí, tí a jọ ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ láti ìgbà ọmọge, ti ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ látìgbà tí mo ti lanu. Hasanat, gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò. Mo máa sọ ọ́. Láàárọ̀ yìí ló ní, “Ìyá Hakeem, bo àṣírí ara ẹ. Ṣebí Ọlọ́hun ti foríjì ẹ́ níbi tí o lọ.” Mo ní Ọlọ́hun lè foríjì mí ní èyí tó jẹ́ tiẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti Ìbíjọkẹ́, ọwọ́ Ìbíjọkẹ́ ló wà, n kò sì bá a pàdé ní Mẹ́kà. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, obìnrin Ìkirè tó bá mi yan ẹja fún ọdún mẹ́ta, tí ẹ fi ẹnu lé kúrò nílùú pé olè ni. Kì í ṣe olè. Èmi tí mo pè é ní olè ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó pè é.

Ajá ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, àbí kí n kúkú sọ pé ọmọ mi ni, nítorí ajá kì í lọ ra ara rẹ̀. Abdulhakeem nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, tó tẹjú mọ́ fóònù bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kò kàn án. Yàrá méjì ló rẹ́ǹtì ní Ìkòròdú, nínú ilé elérò púpọ̀. Orí fóònù yẹn náà ló ti rí ajá kan, etí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ dé àgbọ̀n, ojú rẹ̀ bíi ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bú. Bígù ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Waliyah, ọmọ rẹ̀, ní òun fẹ́ ẹ. Ẹni tó ń tà á ní ó fẹ́ràn ọmọdé. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n Abdulhakeem kò bi í léèrè nǹkan mìíràn. Kò bi í pé iṣẹ́ wo ni àwọn baba ajá náà ń ṣe nílùú tí wọ́n ti wá. Iṣẹ́ ọdẹ ni! Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ń kó jọ lé ehoro, imú nílẹ̀, ohùn lókè. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń dá gbélé.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Abdulhakeem á lọ síbi iṣẹ́, Ameerah ìyàwó rẹ̀ á lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ á lọ síléèwé. Wọ́n á ti ajá mọ́lé, ajá á sì figbe ta. Kì í ṣe gbígbó o, igbe gígùn ni, irú èyí tí aládùúgbò fi ń jáde wá bèèrè pé ta ló kú. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, á gbẹ́ abẹ́ fẹ́ǹsì, á tọ òórùn òkété lọ. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí kò tíì sọnù, kò sì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Lánlọ́ọ̀dù ní kí Abdulhakeem mú ọ̀kan, ajá tàbí yàrá. Ló bá gbé e wá fún mi ní Ẹ̀pẹ́. “Mọ́mì, ẹ gbà á. Ó máa bá yín ṣọ́ ẹja.” Ó máa bá mi ṣọ́ ẹja! Ẹ ti rí ẹni tó fi ọ̀bọ ṣọ́ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí? Ṣùgbọ́n èmi àgbàlagbà gbà. Lójú tèmi, ajá ni ajá. Ajá tí imú rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀, tí ikùn rẹ̀ kì í kún, èmi ni mo fọwọ́ ara mi so ó mọ́ ẹ̀bá ààrò.

Ìbíjọkẹ́ nìkan ló mọ ohun tí ajá náà ń fẹ́. Kúkì ni Waliyah sọ ọ́, ṣùgbọ́n Àbúrò ni Ìbíjọkẹ́ ń pè é. Láràárọ̀, kó tó dáná, á fi okùn mú un rìn létí ọ̀sà títí ó fi máa rẹ ajá. Ọjọ́ tó bá ti rìn báyẹn, kì í ké. Èmi a sì máa bú Ìbíjọkẹ́ pé ta ló ń mú ajá najú bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Kò pẹ́ tí ẹja fi ń dín. Lónìí ọ̀kan, lọ́la méjì. Hasanat ní, “Ẹni tó ń bá ẹ ṣiṣẹ́ ni kí o wò.” Mo wò ó, n kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, Ìbíjọkẹ́ ti lọ mú àwọn ọmọ rẹ̀ níléèwé, èmi ń lọ kírun Àlàásárì. Mo ti dé ìdajì ọ̀nà kí n tó rántí pé n kò mú tẹ̀sùbáà mi. Mo padà. Kúkì ni mo bá! Ó ti já okùn, ó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ó ti fi imú ṣí ìdérí agbọ̀n. Ó ti jẹ àrọ̀ mélòó kan, ó sì ń lá ìyókù. Ẹja inú agbọ̀n yẹn, ti ìsọmọlórúkọ ilé Ààfáà Salman ni, ẹni tó ń ṣíwájú wa kírun.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo rántí pé ìkòkò tí ajá bá lá, ẹ̀ẹ̀meje là ń fọ̀ ọ́, a ó sì fi erùpẹ̀ sí i. Ta ló wá ń fi erùpẹ̀ fọ ẹja yíyan? Bí mo bá sọ ọ́, Fàósátù ẹlẹ́ja ẹnu ajá ni wọ́n á máa pè mí títí wọ́n á fi sin mí. Mo yí èyí tí itọ́ rẹ̀ kò tíì gbẹ sísàlẹ̀, mo kó èyí tó gbẹ sókè, mo dé agbọ̀n, mo so ajá, mo mú tẹ̀sùbáà mi, mo lọ kírun. Mo lọ kírun o! Ojú mi gbẹ gan-an.

Nígbà tí àwọn ará ilé Ààfáà wá gbé ẹja, ó dín. Wọ́n bi mí lójú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ pé jọ síbí lọ́jọ́ náà. Mo lè ní mo kà á ṣì, ìgbéraga kò jẹ́. Mo na ìka sí Ìbíjọkẹ́. Mo ní kí wọ́n bi í léèrè ohun tó máa ń gbé dání tó bá ń lọ mú ọmọ níléèwé. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó wo ojú mi, ó kúnlẹ̀ síbi tí Ààfáà jókòó sí yẹn. “Màmá, ẹ wojú mi. Ṣé èmi?” Mo wojú rẹ̀. Ajá, tó tún ti já okùn, rọra wá jókòó tì í, ó ń fi ahọ́n lá ètè. Ajá ń jẹ́wọ́ lójú gbogbo yín, kò sẹ́ni tó wò ó. Mo ní, “Ìwọ ni.” Mo bá tún un sọ kó lè dá èmi fúnra mi lójú: “Ìwọ ni, olè.” Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì iléèwé lẹ́yìn wọn.

Ó kó lọ sí Agbówà lọ́sẹ̀ náà. Orúkọ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, kò sí ẹlẹ́ja tó jẹ́ kó sún mọ́ ààrò. Pákí ló ń bá wọn bó níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Ajá ń tọ òórùn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ilé mi dé ibùdókọ̀ lójoojúmọ́, níbi tí òórùn ti pin, á sì jókòó síbẹ̀. Èmi ni mò ń lọ fà á padà.

Kí n tó lọ sí Mẹ́kà, mo bi Ààfáà, bí ẹni ń bèèrè fún ẹlòmíràn, pé bí ajá bá fẹnu kan oúnjẹ gbígbẹ ńkọ́? Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ gé ibi tó fẹnu kàn dànù, Ìyá, kí ẹ jẹ ìyókù.” Ọ̀bẹ ìdáná lásán! Ohun tí ọ̀bẹ ìdáná ìbá bá mi parí, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi tán an. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, kí n tó rí Mẹ́kà rárá.

Ààfáà, ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Ẹ jẹ ẹ́, èmi náà jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bì í, kó bì í. Ẹni tí kò bá ní ra ẹja mi mọ́, ọ̀sà kò ní gbẹ. N kò bẹ ẹnikẹ́ni nínú yín, torí kò sí ọ̀kan nínú yín tó ní kí n fi ẹ̀rí hàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo àwòrán ajá, kí ẹ tó gbé bígù wálé, ẹ bi ara yín: ta ló máa wà nílé pẹ̀lú rẹ̀? Ta ló máa mú un rìn, lójò, lẹ́ẹ̀rùn? Aládùúgbò yín ńkọ́? Kì í ṣe ajá tí í ṣọ́ ilé, bí olè bá wọlé, ọwọ́ olè ló máa lá. Bí ẹ kò bá lè tọ́jú rẹ̀, ẹ má gbé e fún ìyá yín. Abdulhakeem, gbé fóònù sílẹ̀, ìwọ ni mò ń bá wí. N kò dá Kúkì lẹ́bi. Imú tí Ọlọ́hun fún un ló ń tọ̀.

Mo ránṣẹ́ sí Ìbíjọkẹ́ níjẹta pé kó wá gbọ́ ọ lójú yín. Kò dá mi lóhùn, n kò sì bá a wí. Ẹ dákẹ́ ná. Ṣé ẹ gbọ́ igbe yẹn? Kúkì tí mo tì mọ́ ẹ̀yìnkùlé ni. Láti ọjọ́ tí obìnrin yẹn ti lọ, kò fi ayọ̀ ké báyẹn rí. Èmi kò tíì rí ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin náà kò tíì rí, ṣùgbọ́n ajá ti gbọ́ òórùn ẹnìkan lẹ́nu géètì. Hasanat, fà mí dìde. Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ibi tó kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ náà gan-an ni mo fẹ́ kó bá mi, lórí eékún.