Ìran Tí N Kò Rí Létí Odò Erinje

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ bá mi kà á dé ìparí kí ẹ tó ṣépè fún mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò dà nínú mi. N kò lè dákẹ́ mọ́, torí Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ gé àwọn igi kan lulẹ̀. Bí wọ́n bá gé wọn, ahọ́n mi ló gé wọn.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì fìdí rẹmi nínú ìkẹfà náà. Oúnjẹ ni mò ń tà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Òkìtìpupa. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ló mọ ọbẹ̀ mi, wọ́n sì mọ ẹnu mi. Ọmọkùnrin tó bá wọ ṣòkòtò tó ya lórúnkún wọlé, màá ní kó jókòó, kí n lọ bá a yá abẹ́rẹ́ àti òwú. Kò sí ohun tí kì í pa mí lẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀bùn ni.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Ìyá Ẹniọlá. Opó ni, èmi àti òun sì jọ ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan náà. Ọkọ rẹ̀ ti gbin igi máńgòrò méje sétí odò kékeré kan lọ́nà Erinje kó tó kú. Ó fi ọparun kan ìjókòó sábẹ́ wọn. Nígbà tí ó kú, ìyàwó rẹ̀ gbá abẹ́ igi náà mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa, tà níbẹ̀ ní Sátidé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja àrọ̀.

Ìlú wa kì í ṣe Èkó. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ gbafẹ́ kò pọ̀. Bí wọn ò bá lọ wo bọ́ọ̀lù, wọ́n á máa rìn káàkiri ọjà bí ewúrẹ́ tó ń wá olówó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá mọ etí odò yìí, bí Sátidé bá ti mọ́, wọ́n á kó sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù, wọ́n á gbé ọpọ́n ayò. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á ya fótò. Àwọn tó ń fẹ́ra wọn á lọ jókòó sábẹ́ igi tó jìnnà jù, bí ẹni pé a ò lójú. Omi náà kò ju orúnkún lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ṣọ́ọ̀bù tèmi wá ń dá páropáro ní Sátidé. Eṣinṣin nìkan ló ń bá mi ṣe fàájì. Mi ò sọ pé inú ń bí mi. Mo ń kí ọ̀rẹ́ mi kú oríire, mo sì ń jowú rẹ̀ lábẹ́ aṣọ.

Ní Sátidé kan, kẹ̀kẹ́ méjì dúró níwájú mi láti ra omi inú ọ̀rá. Ọmọbìnrin kan yọ orí, ó ní, "Màmá, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ ká jọ lọ! Ẹ wá jẹ púpurú Ìyá Ẹniọlá, ẹ máa gbàgbé ìrẹsì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gún mi.

Mo ní, "Ẹ máa lọ o. Kí ẹ ṣáà dágbére fún ara yín kí ẹ tó wọmi. Mo rí ìran lánàá. Aṣọ akẹ́kọ̀ọ́ kan ń léfòó lójú odò yẹn, n ò rí ẹni tó wọ̀ ọ́."

Eré ni. Bí mo ṣe máa ń ṣe é náà nìyẹn. Àwọn tó kù tún bú sẹ́rìn-ín, àfi ọmọbìnrin náà. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ilé àdúrà wa ni òun náà.

"Màmá, ṣé òótọ́ ni, àbí ẹ ń ṣeré?"

Mo wo ìkòkò ìrẹsì mi tó kún dé ẹnu. Mo ní, "Ṣé wọ́n máa ń fi ìran ṣeré ni?"

Kẹ̀kẹ́ méjèèjì kò lọ mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti jẹun lọ́jọ́ náà. Mo bù ú kún àwo fún wọn, mo ń yọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá n kì bá tí yọ yín lẹ́nu. Nígbà tí mo fi máa dé ilé àdúrà lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti débẹ̀ ṣáájú mi. Láàárín ìsìn, Bàbá Wòlíì pè mí síwájú, wọ́n ní, "Ìyá, a gbọ́ pé Ọlọ́run fi nǹkan hàn yín. Ẹ sọ ọ́ sétí ìjọ."

Mo dúró lórí ẹsẹ̀ lásán nínú aṣọ funfun mi. Ìyá Ẹniọlá wà ní ìlà kejì, ó ń wò mí. Mo fẹ́ sọ pé yẹ̀yẹ́ ni. Ojú tì mí. Mo di ojú, mo gbọn ara, mo tún un sọ. Mo tiẹ̀ fi kún un. Mo ní búlúù ni aṣọ náà. Títí di òní, n kò mọ ohun tó gbé búlúù wá sí mi lẹ́nu.

Búlúù ni aṣọ ilé ìwé Ẹniọlá.

Ìyá rẹ̀ fi igbe ta. Kò bá mi jà. Lẹ́yìn ìsìn, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ọpẹ́lọpẹ́ yín, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni ì bá wà lọ́rùn mi, àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ tèmi."

Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Fúnra rẹ̀ ló fi igi dí ọ̀nà odò náà. Ó mú Ẹniọlá kúrò nílé ìwé nígbà tí ìdánwò àṣejáde ku díẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, kó lè jìnnà sí omi. Ọmọ yẹn máa ń gbé àwo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ máńgòrò. Ó máa ń sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan, òun náà á wà lára àwọn tí wọ́n ń gbé àwo fún. Iṣẹ́ aránṣọ ló kọ́. Kò padà sílé ìwé.

Gbogbo ọdún ìkórè ni ìyá rẹ̀ máa ń gbé púpurú wá fún mi láti fi dúpẹ́. N kò lè jẹ ẹ́ rí. Ewúrẹ́ ni mò ń fún.

Lóṣù tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí kò mọ nǹkan kan rí etí odò náà. Wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí i fún àwọn. Ó fi ẹkún lé wọn. Ó wá ní òun á jẹ́ kí àwọn agégi gé igi méjèèje, kí òjìji wọn má baà tún fa ọmọ kankan wá.

Ó wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ rí ìran, ẹ̀yin ni kí ẹ gbàdúrà síbẹ̀ kí wọ́n tó fi ayùn kàn án." Ó dìde láti lọ, ó tún yíjú padà. Ó ní, "Bàbá Ẹniọlá ló ń pọnmi sí wọn láràárọ̀ nígbà tí wọ́n kéré. Ṣé kò ní bínú sí mi?"

Mo ní kò ní bínú. Mo ní màá wá. Ẹnu mi tó mú bí abẹ, ohun tó rí sọ kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún òun nìkan, àbí kí n dúró níwájú ìjọ níbi tí mo ti pa irọ́ náà? Bí mo bá sọ ọ́, igi á kù. Àmọ́ kí ni màá sọ fún Ẹniọlá? N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ má bú mi. Ẹ ṣáà tètè fèsì.

Ó ti gba aṣọ funfun mi lọ, ó ní òun fẹ́ bá mi fọ̀ ọ́ sílẹ̀ de àdúrà náà. Mo gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí. Aṣọ náà wà lórí okùn, ó funfun báláú.