Àmì Abẹ́ Ewé

Ẹ jókòó, gbogbo yín, kí ẹnì kankan má dá sí ọ̀rọ̀ mi títí n ó fi sọ ọ́ tán. Àgbò tí àbúrò mi tọ́ dàgbà kì í ṣe akúra. Èmi ni mo bà á lórúkọ jẹ́. Orí mi pé o, kì í ṣe àìsàn yìí ló ń sọ̀rọ̀.

Nínú ilé yìí, èmi ni mò ń bójú tó oúnjẹ àwọn ẹran ọ̀sìn. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ kó kọ́ mi ní ìgbà tó yẹ ká gé ewéko? Lọ́dún yẹn, òjò pọ̀ jù, ewéko tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò tá a gbìn fún àwọn àgùntàn wá yọ àmì dúdú lábẹ́ ewé. Dókítà ẹran ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí ewéko yìí bá ń bá àrùn jà, èròjà kan á pọ̀ lára rẹ̀ tó jọ èyí tí ara abo fi ń múra sílẹ̀ fún oyún, á sì da gbogbo ètò náà rú. Sísá a sóòrùn kò lè mú un kúrò. Ó ní ká má fún abo tá a fẹ́ kó lóyún ní irú ewéko bẹ́ẹ̀ jẹ. Mo gbọ́ dáadáa. Àmọ́ mo ti fọ́nnu káàkiri pé oko mi ò lẹ́gbẹ́. Ṣé kí n wá hú u dànù lójú ayé ni? Agídí burúkú ni tèmi. Mo gé e wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rí àmì náà, mo sì dà á fún wọn.

Kò sí èyí tó lóyún. Ni gbogbo ilé bá dojú kọ àgbò, wọ́n sọ ọ́ ní Akúra, wọ́n ń fi òun àti olówó ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n pe alápatà.

Alápatà ti so okùn mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tí àbúrò mi yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ oúnjẹ wọn. Ṣé kò sí nǹkan kan nínú ewé yìí?"

Mo wò ó lójú kòrókòró. Mo ní, "Ewé mi ò ní àbùkù. Àgbò ẹ ni kò dáa."

Ó gbà mí gbọ́, alápatà sì fa àgbò náà lọ. Àbúrò mi kó ẹrù ẹ̀ jáde nílé yìí, kò sì sin ẹran mọ́ láti ìgbà yẹn. Èmi wá fọgbọ́n hú ewéko náà, mo gbin òmíràn. Nígbà tí àgbò tuntun fún àwọn àgùntàn lóyún, ẹnu èmi yìí náà ni mo fi ní, "Ẹ ò rí i pé àgbò yẹn ni kò dáa?"

Ẹ̀yin ọmọ tó ń gé ewé lónìí, ẹ máa yí i wò lábẹ́, tẹ́ ẹ bá sì rí àmì, ẹ sọ̀rọ̀ síta.

Àbúrò mi, ìwọ tó o dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹran ló wà lórí tábìlì yẹn. Láti òní lọ, ewé tí mo bá gé, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Tó o bá ní kò dáa, màá dà á nù níṣojú gbogbo wọn.