Ìyá Olóòṣà Kò Da Ẹfun Sínú Kànga

Ẹ̀yin ará ilé Samsudeen ní Ṣakí, àti ẹnikẹ́ni tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, èmi Kàdírì agbẹ́kànga ni mò ń kọ ọ́ láti Parakou, níbi tí mo sá wá tí mo sì darúgbó sí. Kíndìnrín mi ti ń kọ iṣẹ́. Dókítà ò fi bò fún mi, àwọn ọmọ mi náà sì ti ń fohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, àwọn tó jẹ́ pé ariwo ni wọ́n máa ń pa lé mi lórí tẹ́lẹ̀. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ gbé wọ sàréè, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi nígbà tí mo ṣì lè dáhùn tí ẹ bá bi mí. Ìyá Olóòṣà ò da nǹkan kan sínú kànga yín. Wọn ò fìgbà kan dà á. Èmi ni mo ba omi yẹn jẹ́, èmi náà ni mo sì gbé ẹ̀bi rẹ̀ kà wọ́n lórí. Bí mo ṣe ṣe é burú ju bí ẹ ṣe lè rò lọ, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Títí dòní, tí mo bá di ojú, mo máa ń rí agbo ilé yẹn: igi òrí tó wà lẹ́yìnkùlé, iṣu tí Samsudeen kó jọ de ọkọ̀, àpáta tí àwọn obìnrin ń sá nǹkan sí. Samsudeen ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè nínú òwò iṣu nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá tó bí i náà ti kú tipẹ́. Dúróríkẹ́, ìyàwó kékeré bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà. Àwọn là ń pè ní Ìyá Olóòṣà, torí nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti ń kírun, àwọn nìkan ló di Òrìṣà-ńlá mú. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n ní ẹfun nínú igbá kékeré kan, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n sì máa ń pọn omi òòṣà wọn, kí ẹnikẹ́ni tó jí, láìsọ̀rọ̀ sí èèyàn. Ọ̀nà odò jìn, orúnkún sì ti ń dùn wọ́n. Torí tiwọn gan-an ni Samsudeen ṣe ní kí n wá gbẹ́ kànga. Ó sọ ọ́ sí mi létí: “Bàbá Kàdírì, mi ò fẹ́ kí ìyá mi tún sọ̀ lọ sódò mọ́.”

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni mo gbẹ́ ẹ, nígbà tí omi ilẹ̀ ti fà lọ jìnnà, bó ṣe yẹ ká gbẹ́ ẹ. Mo la ilẹ̀ pupa kọjá, mo la òkúta jíjẹrà kọjá, mo wá kan amọ̀ funfun kan tó kúnná bí ìyẹ̀fun. Irú amọ̀ yẹn ni wọ́n ń wà tí wọ́n fi ń ṣe ẹfun. Àárín rẹ̀ ni omi ti ń sun. Gbogbo agbẹ́kànga ló mọ̀ pé tí omi bá ti sun láti inú irú amọ̀ bẹ́ẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ tún gbẹ́ díẹ̀ sí i, kó da yanrìn líle síbẹ̀, kó sì wá fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ lórí dáadáa. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí gùgà bá kan ìsàlẹ̀ ni amọ̀ yẹn yóò máa rú sókè. Samsudeen ti ra òkúta náà, ó wà lẹ́bàá ẹnu kànga. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tó yẹ kí n tẹ́ ẹ, ẹ̀gbẹ́ kànga ya lé mi lórí, ó bò mí dé ìbàdí. Olúkúnlé, ọkùnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó máa ń fa erùpẹ̀ sókè, ló sọ̀ kalẹ̀ wá wú mi bí ẹni wú iṣu. Nígbà tí mo dé òkè, ẹsẹ̀ mi ò gbà mí mọ́. Mo sọ fún ara mi pé mi ò ní wọ ihò yẹn lọ tẹ́ òkúta kankan, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́ síta, èmi tí mo máa ń fi agbẹ́kànga tó bá bẹ̀rù ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, “Olúkúnlé, da òkúta yẹn sábẹ́ sìmẹ́ǹtì ẹnu kànga.” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìsàlẹ̀ mà ni wọ́n rà á fún.” Mo ní, “Ṣé ìwọ lò ń wọlẹ̀ ni àbí èmi?” Ó ní, “Kò burú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí, ẹ má retí kí n bá yín parọ́ o.” Ẹnikẹ́ni ò bi í. Kí omi náà tó dọ̀rọ̀, ó ti gba Komu lọ dáko.

Omi yẹn funfun bí omi ògì láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Sodiqat, ìyàwó Samsudeen, gbìyànjú. Ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó gba aṣọ kọjá. Ó dà á sínú àmù títí ilẹ̀ fi mọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ silẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti fara kan àmù pẹ́nrẹ́n, ó ti tún rú nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo ní kó máa po álọ́ọ̀mù sí i. Álọ́ọ̀mù mú un tòrò díẹ̀, ó wá kan bí ọsàn tí kò tíì pọ́n. Aṣọ iléèwé Mujeebat, ọmọ wọn, tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, á gbẹ gbagidi bí awọ. Bí wọ́n bá ti rí mi, mo máa ń sọ pé, “Kànga tuntun ni, ẹ ní sùúrù, á tòrò.” Mo mọ̀ pé kò ní tòrò.

Àlùwàlá ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Samsudeen fi omi náà ṣe àlùwàlá àlàásárì lọ́jọ́ kan, ó dé mọ́ṣáláṣí, ara rẹ̀ gbẹ, ni amọ̀ kíkúnná yẹn bá hàn lápá rẹ̀ funfun báláú. Ládòkun aránṣọ, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ní, “Háà! Samusu, òòṣà wo lo kọ́kọ́ yà kí kó o tó wá kírun?” Ẹlòmíì ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ẹfun ni wọ́n fi tọ́ ọ.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Samsudeen ò rẹ́rìn-ín. Láti mọ́ṣáláṣí, ọ̀dọ̀ mi ló gbà tààrà. Ó ní, “Bàbá, ẹ fi Ọlọ́run bá mi sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ tẹ́ òkúta yẹn sísàlẹ̀?” Ọ̀nà tí Ọlọ́run là fún mi nìyẹn. Ǹ bá ti sọ pé ẹ̀rù bà mí. Ì bá bínú, ì bá wá ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Mo ní, “Mo tẹ́ ẹ.” Ó ní, “Kí ló wá dé?” Mo ní, “Ta ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀?” Ó dìde. “Ìyá mi lẹ̀ ń sọ yẹn o.” Mo ní, “Mi ò dárúkọ èèyàn.” Lóòótọ́ ni, mi ò dárúkọ èèyàn. Ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú lọ́jọ́ yẹn, èmi aláìlójútì.

Ọjọ́ kejì, ilé pé. Sodiqat ní òun ti rí ẹfun lọ́wọ́ Ìyá lẹ́nu kànga. Ìyá Olóòṣà jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fi òrí ra orúnkún wọn. Wọ́n ní, “Sodiqat, ẹfun inú igbá mi ò tó sọ àwo ọbẹ̀ rẹ di funfun, ká má tíì sọ kànga. Tí mo bá ní èyí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣé mi ò ní kó o lọ sọ́jà, kí n fi ra ẹsẹ̀ tuntun?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Sodiqat ní, “Ìyá, ẹ má fi àwàdà bò ó.” Samsudeen fọwọ́ lérí. Ó ní òun ò ní lé ìyá òun nídìí omi nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó yíjú sí mi: “Bàbá Kàdírì, ẹ wọ̀ ọ́ lọ. Ohun tẹ́ ẹ bá bá nísàlẹ̀, ẹ gbé e wá ká rí i.”

Mo wọlẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ẹsẹ̀ tó kọ̀ láti wọlẹ̀ lọ tẹ́ òkúta, òun náà ló wọlẹ̀ lọ wá irọ́. Omi mù mí dé ìbàdí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ inú amọ̀, mo bù ú. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ yí i róbótó, mo tẹ orí rẹ̀ ṣóńṣó, gẹ́lẹ́ bí ẹfun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Bí mo ṣe ń mọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn Ìyá lókè tí wọ́n ń sọ fún àwọn tó di okùn mi mú pé, “Ẹ dì í mú dáadáa o, kó má jábọ́.” Èmi ni wọ́n ń ṣàánú. Mi ò dáwọ́ dúró. Mo mọ ọ̀kan sí i.

Nígbà tí mo gòkè, mo la ọwọ́, ẹfun méjì wà níbẹ̀. Ariwo sọ. Ìyá Olóòṣà wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Kàdírì, ẹfun tó ti wà nínú omi látọjọ́ yìí, kò yọ́?” Ìbéèrè tó yẹ kó tú mi fó nìyẹn, ṣùgbọ́n igbe Sodiqat ti bò ó mọ́lẹ̀. Èmi gbọ́ ọ. Mo bojú wolẹ̀. Samsudeen dọ̀bálẹ̀ fún wọn nínú erùpẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa omi níbẹ̀ mọ́.” Wọ́n ní, “Dìde, Samusu. Kànga rẹ ni.” Wọ́n tú okùn lára gùgà wọn, wọ́n ká a, wọ́n wọlé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá wọn lọ́nà odò, tàwọn ti orúnkún yẹn. Wọ́n fara dà á díẹ̀, kó tó di pé àwọn ìbátan wọn gbé ọ̀kadà wá láti Ògbóòró wá mú wọn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ. Wọ́n sọ fún Samsudeen pé, “Omi yẹn ò ní tòrò tí mo bá lọ. Tó o bá ti rí i pé kò tòrò, wá mú mi.” Omi ò tòrò. Ẹ ò lọ mú wọn. Ẹ ní ohun tí wọ́n dà síbẹ̀ ti wọ ilẹ̀ lára ni, èmi ni mo sì kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, mo ti di ẹrù mi, mo gba Parakou. Mo sọ fún àwọn èèyàn pé iṣẹ́ ló gbé mi lọ.

Láìpẹ́ yìí ni Misturat, ọmọ Ṣakí tó ń nájà aṣọ títí dé ibí, yà wá kí mi. Mo fọgbọ́n bi í nípa ilé yín. Ó ní piọ́ wọ́tà lẹ̀ ń mu, ẹ wá ń fi ti kànga fọ ilẹ̀. Ó ní Ìyá Olóòṣà ṣì wà láyé ní Ògbóòró, ojú wọn ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn pé. Ó ní nǹkan kan ló ń ya òun lẹ́nu lára wọn: tí wọ́n bá fẹ́ bu omi nínú àmù, nínú ilé àwọn èèyàn wọn tí ẹnikẹ́ni ò ti fura sí wọn, wọ́n á kọ́kọ́ na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síta, wọ́n á yí i síbí, wọ́n á yí i sọ́hùn-ún, káwọn èèyàn lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Misturat rò pé ètò òòṣà ni. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Kànga náà ṣeé tún ṣe. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń parí, kí ẹ gbọ́n omi rẹ̀ gbẹ, kí ẹ pe agbẹ́kànga tára rẹ̀ le, kó kó amọ̀ rírọ̀ ìsàlẹ̀, kó da yanrìn líle sí i, kó sì tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ lé e, kó nípọn débi tí gùgà ò fi ní kan amọ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, tí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ sọ pé ẹ̀rù bà yín. Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, yẹ̀yẹ́ á sì tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ má dúró de kànga kẹ́ ẹ tó lọ sí Ògbóòró. Samusu, lọ fúnra rẹ, má rán ọmọ, má fowó ránṣẹ́. Mú Sodiqat dání. Ka ìwé yìí sókè, kí gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ gbọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, torí èmi ni mo sọ yín di ẹni tó lé ìyá rẹ̀. Tí Ìyá bá dárí jì mí, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kí n tó lọ. Tí wọ́n bá ní àwọn ò dárí jì mí, ẹ má bẹ̀ wọ́n, wọ́n jàre. Ẹ ṣáà mú wọn wálé.