Ásíìdì Tí Mo Ní Kí Àbúrò Mi Dà Sínú Bọ́kẹ́ẹ̀tì

Ẹ jókòó tì mí díẹ̀, nítorí bí n kò bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnìkan, yóò kú sí mi níkùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n pe orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlaròó, gbogbo ìjọ dìde. Àbúrò mi obìnrin, Àṣàkẹ́, ẹni tó ti ń lé orin fún ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà ọmọge rẹ̀, kò lè dìde. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà sórí ìjókòó nìkan ló rìn. Obìnrin kan lẹ́yìn mi wá ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Àìgbọ́ràn ló kó o bá a. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà níbẹ̀, òkú ni ì bá jẹ́." Háà! Mo pa ìwé orin dé. Èmi ni ẹ̀gbọ́n náà, èmi gan-an ni mo sì kó o bá a.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, títí dé Ayétòrò, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹnu mi kì í gbẹ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé l'Ékòó ló fi mí ṣe máníjà hòtẹ́ẹ̀lì kékeré tó kọ́ sí Ìlaròó, èmi ni mo sì bẹ̀ ẹ́ kó gba Àṣàkẹ́ síṣẹ́ ìmọ́tótó, torí ọkọ rẹ̀ ti kú. Hòtẹ́ẹ̀lì yìí ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan tí gbogbo wa ń pè ní púùlù. Iyọ̀ la ń dà sínú omi rẹ̀. Ẹ̀rọ kan tó ń lo iná mànàmáná ló ń sọ iyọ̀ náà di kílórìn tó ń pa kòkòrò. Àpótí rọ́bà ni ẹ̀rọ ọ̀hún, àwọn irin pẹlẹbẹ tò sínú rẹ̀, omi ń gba àárín wọn kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Músíọ̀ là ń pè é, ló máa ń gba bodè Ìdí-Ìrókò wọlé lóṣooṣù láti wá tú u, kó fọ̀ ọ́, kó tún un dè. Ṣé mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan rí pé kí ló ń fọ̀ kúrò níbẹ̀? Rárá o. Àgbà tíṣà wo ló ń bi ọmọ tí kò tó ọmọ rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì?

Àfi bí ìjọba ṣe ti bọ́dà pa. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé nígbà náà ẹ mọ bó ṣe rí. Ìdí-Ìrókò dá páropáro, ìrẹsì di ohun tí wọ́n ń fi ọ̀kadà gbé gba inú igbó. Àwọn ọ̀gá aṣọ́bodè tí wọ́n kó wá ṣọ́nà ni wọ́n gba gbogbo yàrá hòtẹ́ẹ̀lì wa. Músíọ̀ fóònù mi pé òun lè gba ọ̀nà igbó wá. Mo ní kó má dán an wò! Kí n fọwọ́ ara mi mú ẹni tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ ilé tí àwọn aṣọ́bodè ń sùn sí? Kò pẹ́ tí iná pupa fi tàn lára ẹ̀rọ, pé iyọ̀ inú omi kò tó. Mo ra iyọ̀, Àṣàkẹ́ dà á sí i, iná kò kú. Mo tún ra òmíràn, pàbó ni. Ọ̀gá aṣọ́bodè kan jáde nínú omi, ó ń tutọ́, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ gbé òkun wá sí Ìlaròó ni?" A rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó yá omi bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé. Ni mo bá ra kílórìn ìyẹ̀fun, Àṣàkẹ́ sì ń pò ó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó ń dà á sí púùlù.

Mo pe Músíọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe iyọ̀ ló dín. Ẹ tú ẹ̀rọ yẹn wò, ẹ ó rí èépá funfun lára irin rẹ̀. Omi yín ló le, òun ló bo irin tí ẹ̀rọ ò fi mọ̀ pé iyọ̀ wà." Mo tú u lóòótọ́, èépá ti yi mọ́ àwọn irin náà gírígírí bíi ti ìdí kẹ́tù tí a ti fi se omi láti ọjọ́ pípẹ́. Ojú tì mí. Ta ni kò mọ̀ pé inú òkúta ẹfun ni omi ilẹ̀ wa ti ń wá, tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀? Músíọ̀ ní kí n má fi ọ̀bẹ họ ọ́, pé kí n rẹ ẹ́ sínú omi tí a da ásíìdì díẹ̀ sí, ní ìta gbangba. Ó tún ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa lò..." Mo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní, "Ọmọ, mo ti gbọ́. Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní sáyẹ́ǹsì?" Mo pa fóònù. Àwọn baba wa kúkú ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi nìkan ni mo fẹ́ dá tèmi.

Mo gba ásíìdì lọ́wọ́ àwọn tó ń lẹ táìsì sí ilẹ̀ ilé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo pe Àṣàkẹ́ pé kó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá. Ó gbé e dé, ó wo inú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan funfun kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ o. Ṣé kí n kọ́kọ́ ṣàn án ni?" Mo ní, "Iyọ̀ ni. Bu omi díẹ̀ sí i, kó o da ásíìdì sí i, jàre." Ó tún la ẹnu, mo wò ó lójú kan, ó pa ẹnu dé. Bí bàbá wa ṣe tọ́ wa nìyẹn: àbúrò kì í bi ẹ̀gbọ́n léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dà á.

Yéè! Bọ́kẹ́ẹ̀tì hó ṣọ̀ọ̀, èéfín kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó tún fẹ́ jọ ewé rú bo ojú Àṣàkẹ́. Kò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù, kò lè pariwo. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀fun rẹ̀ mú, ó ṣubú lórí orúnkún. Mo di imú, mo wọ́ ọ lọ sórí koríko lódìkejì, mo ń da omi sí i lójú, mo ń kígbe. Ní ọsibítù, dókítà sọ fún wa pé gáàsì kílórìn ni, pé ìyókù ìyẹ̀fun inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló bá ásíìdì pàdé. Ẹ̀kọ́ tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni!

Ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì ti Èkó dé. Ó dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó bèèrè ẹni tó ni ẹ̀bi. Kí n tó la ẹnu, Àṣàkẹ́ fi ìgúnpá gbé ara rẹ̀ sókè, ó fi ohùn tó ti há sọ pé, "Èmi ni, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, n kò gbọ́." Irọ́ ni o! Irọ́ gbuu! Èmi ńkọ́? Mo dákẹ́. Ọkùnrin náà bọ̀ mí lọ́wọ́ pé mo ṣe bí akọni, ó ní iṣẹ́ Àṣàkẹ́ ti tán, kó máa lọ sílé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúpẹ́ nítorí mi, wọ́n sì fi àbúrò mi wàásù nípa ìgbọ́ràn.

Bọ́dà ti ṣí tipẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá yẹn ni mo lọ bá Àṣàkẹ́ nílé, mo kúnlẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n, mo ní n óò jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Ó di apá mi mú. Ó ní, "Ẹ má dán an wò, Ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá lé yín níbi iṣẹ́, ta ni yóò máa ra oògùn tí mò ń fín sẹ́nu?" Mo ní ṣùgbọ́n kò mọ̀ nígbà yẹn pé kílórìn ni. Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣé ọwọ́ mi kọ́ ni mo fi ń pò ó ni? Ẹ̀yin lẹ sọ pé iyọ̀ ni."

Láti ọjọ́ náà n kò lè jẹun dáadáa. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́wọ́, kí oògùn rẹ̀ dáwọ́ dúró? Àbí kí n dákẹ́, kí wọ́n máa pe obìnrin yìí ní aláìgbọ́ràn, nígbà tó jẹ́ pé ìgbọ́ràn ló bà á láyé jẹ́?