Jígí Tó Lè Gbé Bàbá Jókòó

Nínú mọ́tò láti Arámọkọ sí Ìkògòsì ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jókòó níwájú mi.

"Màmá, Bọ̀dá ní kẹ́ ẹ yan ọ̀kan nínú jígí méjèèjì kí àwọn tó rà á. Jígí ojú tó fẹ́lẹ́ yẹn á máa ka Bíbélì sí yín létí. Èyí ńlá tí wọ́n ń dé bo ojú ni yóò gbé àwòrán Bàbá jókòó sórí àga wọn."

"Àga tó wà ní pálọ̀?"

"Àga yẹn gan-an. Ẹ óò máa rí wọn bí ẹni pé wọn ò kú."

Ìyá ń wo kùrukùru tó ń wọ́ lọ lórí òkè.

"Tí mo bá bọ́ ọ lójú, ṣé Bàbá rẹ á dágbére kó tó lọ?"

"Àwòrán ni, Màmá. Kì í dágbére."

"Bàbá rẹ ò fi ulé sílẹ̀ rí láìdágbére fún mi, àfi lọ́jọ́ tó kú. Má jẹ́ kó máa ṣe mí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tó ń kàwé ni kó rà."

Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé n kò bẹ̀rù òkú, nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, mo rọra wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní, "Ó dàbọ̀ o, sà."