Mọ́mì Inú Tẹlifíṣọ̀n

Àǹtí mi, ta ni ọmọ mi ń sunkún fún lọ́jọ́ yẹn: èmi tí mo gbé e mọ́yà, àbí obìnrin ará Kòríà tó ń kú lọ nínú tẹlifíṣọ̀n? Mo ti bi ara mi títí. Ẹ má tíì dá mi lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọ̀dọ̀ yín ni Màmá kó ẹrù wá, ó sì dájú pé ẹ ti gbọ́ tẹnu ìyá yín. Ẹ gbọ́ tèmi náà. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin kì í ṣe òṣìkà.

Ẹ̀ ń sọ pé mo lé ìyá ọkọ mi jáde. Èmi? Nígbà tí mo já ọmọ lẹ́nu ọmú, tí ọ̀gá wa ní kí n padà sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, ta ni mo bẹ̀ pé kó wá bá mi gbé ọmọ? Ṣebí Màmá ni. Mo palẹ̀ yàrá mọ́ fún wọn, mo ra tìmùtìmù tuntun, mo ní wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Ọmọ nìkan ni mo ní kí wọ́n bá mi mójú tó. Àfi bí Màmá ṣe lọ ṣàwárí àwọn ará Kòríà.

Ẹ̀yin náà ti rí àwọn fíìmù wọ̀nyẹn. Kí ọkùnrin tó sọ gbólóhùn kan fún obìnrin, á kọ́kọ́ wò ó lójú, orin á máa lọ lábẹ́lẹ̀, èèyàn á ti fọ abọ́ tán kí ó tó la ẹnu pé, ṣé o ti jẹun? Gbogbo ohun tó ń wò láti àárọ̀ náà nìyẹn? Bí mọ́tò bá gbá wọn, wọ́n á gbàgbé ìyàwó, wọ́n á gbàgbé ọmọ, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò. Màmá ò gbọ́ èdè wọn, Màmá ò sì lè ka ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀. Èmi tí mo lọ kíláàsì ìwé àgbà, kí n tó ka ìlà kan dé ìdajì, wọ́n ti yọ ọ́. Màmá ò tiẹ̀ bìkítà, ńṣe ni wọ́n á máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi láìbi ẹnikẹ́ni. Wọ́n sọ ọkùnrin náà ní Onírun-lójú. Ìyá rẹ̀, olówó tó máa ń da omi sí ìyàwó ọmọ ẹ̀ lójú, ni wọ́n sọ ní Kògbẹ̀bẹ̀. Ìyàwó náà, tí ojú ẹ̀ kì í gbẹ, ni wọ́n sọ ní Ẹlẹ́kún. Lọ́jọ́ tí Kògbẹ̀bẹ̀ da omi yẹn, Màmá wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní àwọn kan wà nínú ilé yìí tí wọn ò mọ̀ pé orí rere ló gbé àwọn pàdé ìyá ọkọ. Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu mi.

Mo dé láti ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ mi ti ń wá ọ̀nà àtisọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì pe ẹnikẹ́ni rí. Mo lóṣòó, mo na ọwọ́ sí i. Ó wò mí. Ó wá yíjú sí tẹlifíṣọ̀n, ó na ìka sí Ẹlẹ́kún, ó ní, "Mọ́mì."

Àǹtí mi, oyún tí mo fi èébì gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa la ẹnu pe ìyá, obìnrin tí kò mọ̀ pé a wà láyé ló pè.

Mo bi Màmá pé kí ló fà á. Wọ́n ní ọmọdé ni, á gbàgbé. Mo ní ta ló kọ́ ọ? Wọ́n ń ká aṣọ ọmọ, wọn ò gbójú sókè. Bẹ́ẹ̀, olùkọ́ wa ní kíláàsì ti sọ pé ọmọ tí tẹlifíṣọ̀n bá tọ́ kì í tètè mọ èèyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mò ń rán apá aṣọ mọ́ ibi tí ọrùn ń gbà yọ. Ọ̀gá ní ṣé ara mi yá. Kí ni kí n wí? Pé mò ń jowú obìnrin inú dígí?

Ọjọ́ ìsinmi ni Ẹlẹ́kún wá ń kú. Àìsàn ọ̀hún ò lórúkọ, ó dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, àtíkè ojú ẹ̀ ò sì yẹ̀. Mo gbé ọmọ mọ́yà. Bí obìnrin yẹn ṣe pajú dé ni ọmọ mi bú sígbe. Ó ń pe Mọ́mì, ó ń nawọ́ síbẹ̀. Mo ní èmi nìyí, èmi nìyí. Ó fọwọ́ tì mí láyà, ó wo ojú mi, ó tún wo dígí, ó tún ké. Nítorí ta ni?

Mo dìde, mo fa wáyà yọ. Mo ní, "Màmá, láti ọ̀la, ẹ má tan nǹkan yìí mọ́ títí n ó fi máa dé." Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Ẹni tó bá ní mo sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá sọ ọ́ lójú mi. Màmá ní, "Bí kò bá sí i, mi ò lè mú ọmọ yìí dúró." Mo ní kí ló dé? Mo tún bi wọ́n. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n di báàgì. Àbúrò yín dúró sáàárín wa bí ẹni tó gbé ìkòkò gbígbóná, tí kò rí ibi gbé e kà. Ṣé ìyẹn náà ni pé mo lé wọn?

Ọmọ ti ń pè mí ní Mọ́mì báyìí, ó ń pè mí tó bẹ́ẹ̀ tí etí mi ń dún. Ó yẹ kí inú mi ti rọ̀. Kò rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ fún Màmá ni pé kí wọ́n máa bọ̀ wálé. Kì í ṣe kí wọ́n wá bẹ̀ mí o, èmi kọ́ ni mo bí wọn. Kí wọ́n wá jókòó sórí àga wọn, kí wọ́n wò mí lójú, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún mi. Kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ kí n máa bínú sí wọn lásán? Ṣé wọ́n rò pé bí mo bá gbọ́, mi ò ní lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́? Bóyá ǹ bá má lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo lọmọ. Kò yẹ kó jẹ́ ẹnu aládùúgbò ni n ó ti gbọ́ ọ.

Obìnrin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa ni, lọ́jọ́ tó ń kó jáde, ó rò pé mo ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní láràárọ̀, bí mo bá ti tilẹ̀kùn, ọmọ mi á nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, á máa ké títí á fi bì. Màmá á pọ̀n ọ́n, Màmá á jó fún un, pàbó ni. Àfi ọjọ́ tí Ẹlẹ́kún jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nínú fíìmù, tí Màmá nàka sí i pé, "Mọ́mì ẹ nìyẹn níbi iṣẹ́. Tó bá rán aṣọ yẹn tán, á wálé." Ọmọ náà dákẹ́, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń dúró dè mí.