Ẹni Tó Mọ Oríkì Mi

[Fóònù ń dún. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀rọ náà dákẹ́.]

OYÈBỌ́LÁ: Hẹ́lò? Àǹtí Hajarat, ẹ káàsán mà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tí mo fi sílẹ̀ nílé ààbò ńkọ́?

HAJARAT: Wọ́n wà. Oyèbọ́lá, ṣé o ti jẹun?

OYÈBỌ́LÁ: Mo ti jẹ ẹ̀wà. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń mí hẹlẹhẹlẹ? Àbí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá tẹ́ ẹ máa ń purọ́ fún wa pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

HAJARAT: Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo wà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Ìtẹ̀lé. Ọ̀gá rẹ ńkọ́?

OYÈBỌ́LÁ: Wọ́n lọ ra òwú ní Sango. Èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù.

HAJARAT: Ìwọ nìkan? Please, ti ilẹ̀kùn onírin yẹn. Fi àgádágodo sí i láti inú.

OYÈBỌ́LÁ: Lọ́sàn-án gangan? Àǹtí, customer kan ń bọ̀ wá gba búláòsì—

HAJARAT: Tì í ná! Ṣé o gbọ́ mi?

[Irin ń ha ilẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ń dún.]

OYÈBỌ́LÁ: Mo ti tì í. Kí ló ṣẹlẹ̀?

HAJARAT: Ẹnì kan wá sílé ààbò láàárọ̀. Ọkùnrin. Ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ lòun.

OYÈBỌ́LÁ: Ẹ̀gbọ́n wo? Èmi nìkan ni ìyá mi bí.

HAJARAT: Mo mọ̀. Èmi ò sí nílé, mo lọ sí kọ́ọ̀tù l'Ọ́tà. Màmá Àmúdà tó ń dáná fún wa ló wà lẹ́nu géètì. Ó ní ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀. Ó ní— Hẹ́lò?

OYÈBỌ́LÁ: Mò ń gbọ́ yín.

HAJARAT: Ó ní Oyèbọ́lá Àwẹ̀ró, àbúrò òun, lòun ń wá.

[Sísọ́ọ̀sì já bọ́ lulẹ̀.]

HAJARAT: Oyèbọ́lá? Ṣé o gbọ́ mi?

OYÈBỌ́LÁ: Àwẹ̀ró?

HAJARAT: Ìyẹn ni Màmá fi gbà á gbọ́. Ó ní ta ló tún máa mọ oríkì ọmọ, bí kì í bá ṣe ẹni tí wọ́n jọ ti inú ilé kan náà wá? Ó mọ̀ pé a kì í júwe ibi tí ẹni tó sá wá sọ́dọ̀ wa wà. Oríkì ló mú un gbàgbé òfin. Ó ti júwe ṣọ́ọ̀bù fún un. Ó ń sunkún nínú kíṣíìnì báyìí.

OYÈBỌ́LÁ: Ìyá mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti kú... Babájídé nìkan ló tún ń pè mí bẹ́ẹ̀.

HAJARAT: Mo mọ̀.

OYÈBỌ́LÁ: Èmi ni mo sọ ọ́ fún un, lọ́jọ́ tó dẹnu ìfẹ́ kọ mí. Bó ṣe máa ń pè é, Àǹtí, bí ẹni ń da oyin sí mi létí ni.

HAJARAT: Ọmọ dáadáa— Driver, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀yìn, ẹ má wọ inú gó-sílóò yẹn!— Bọ́lá, jìnnà sí ilẹ̀kùn. Mo ti pe ọlọ́pàá. Mi ò ní pẹ́ dé Ilo-Awela.

OHÙN ỌKÙNRIN [láti ìta]: Àwẹ̀ró o...

OYÈBỌ́LÁ: Yéè! Ó ti dé.

HAJARAT: Má dáhùn.

OYÈBỌ́LÁ: Mò ń rí i láàárín irin. Ó ti rù, Àǹtí. Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo rán fún un ló wọ̀.

HAJARAT: Kúrò lẹ́nu irin yẹn!

BABÁJÍDÉ: Àwẹ̀ró, olólùfẹ́ mi. Wò ó, mo kúnlẹ̀. Ṣílẹ̀kùn ká máa lọ sílé.

OYÈBỌ́LÁ: Ó ń sunkún.

HAJARAT: Ó sunkún ní ọsibítù náà, lọ́jọ́ tí wọ́n fi POP dè ọ́ lápá. Ṣé o gbọ́—

OYÈBỌ́LÁ: Ohùn yín ń já! Hẹ́lò? Àǹtí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ó ń wù mí kí n ṣí i. Ẹ má bínú sí mi.

HAJARAT: Mi ò bínú, wàlàhí. Ìfẹ́ kì í ṣe aṣọ téèyàn ń bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mi ò sì lè jókòó sínú kẹ̀kẹ́ kí n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ohun kan péré ni kó o sọ fún un: kó jókòó síta títí màá fi dé. Ká wo ohun tó máa ṣe.

OYÈBỌ́LÁ [sí ìta]: Babájídé, mo ṣì fẹ́ràn rẹ. Jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Àǹtí mi ń bọ̀. Tí wọ́n bá dé, a ó jọ sọ̀rọ̀.

BABÁJÍDÉ: Àǹtí wo? Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù?

OYÈBỌ́LÁ: Jókòó, jọ̀ọ́—

BABÁJÍDÉ: Ṣí nǹkan yìí kí n tó já a!

[Ó ta irin nípàá. Gbàà! Gbàà!]

HAJARAT: Pariwo! Oyèbọ́lá, pariwo!

OYÈBỌ́LÁ: Ojú á tì mí. Gbogbo àdúgbò á mọ̀. Nílé, mo máa ń ki aṣọ bọ ẹnu kí láńlọ́ọ̀dù má baà gbọ́—

HAJARAT: Yọ aṣọ lẹ́nu! Jẹ́ kí wọ́n gbọ́! Ojú tirẹ̀ ni kó tì í! Ṣé o gbọ́ mi?

[Gbàà! Àgádágodo ń mì.]

OYÈBỌ́LÁ: Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ gbà mí! Babájídé nìyí! Òun ló ṣẹ́ mi lápá! Ó fẹ́ fi tipá gbé mi lọ!

OHÙN ỌKÙNRIN MÌÍRÀN [láti òkèèrè]: Who be dat? Wetin you dey find for there?

OHÙN OBÌNRIN: Ta ló ń jálẹ̀kùn mọ́ ọmọ yẹn? Ẹ dì í mú!

HAJARAT: Bọ́lá! Ta nìyẹn?

OYÈBỌ́LÁ: Silas ni, fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ wa. Àti ìyá tó ń ta kẹrosíìnì. Wọ́n ń sáré bọ̀, Àǹtí. Wọ́n pọ̀!

BABÁJÍDÉ: Ìyàwó mi ni! Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni! Àwẹ̀ró, sọ fún wọn!

HAJARAT: Má ṣílẹ̀kùn o! Ṣé o gbọ́ mi? Oyèbọ́lá, ṣé o gbọ́ mi?

OYÈBỌ́LÁ: Irọ́ ni! Kì í ṣe ọkọ mi! Mò ń gbọ́ yín, Àǹtí. Mi ò ní ṣí—

[Ìpè já.]